Lẹ́tà Abẹ́ Ẹja Àjídò

3.

…ni ojú àwọn méjèèjì bá ṣe mẹ́rin. Èrò kún èbúté Àgbádárìgì bí eéṣú, síbẹ̀ ó dà bíi pé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀: Suwebat, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti ọmọbìnrin kan tí kò rí rí, tó gbé agbọ̀n ẹja yíyan dání nínú ọkọ̀ ojú omi.

— Ṣé ìwọ lọmọ Láídé?
— Èmi ni.
— Dosi ni mí, láti Àjídò. Màmá ẹ ní kí n fún ẹ. Ìwọ nìkan o.

Òkúta kan fò kọjá láàárín wọn.

Rárá. Méjì ni.

4.

ÌKÌLỌ̀
ÀJÍDÒ TI DÌBÒ FÚN ẸGBẸ́ ẸYẸLÉ.
ỌMỌ ẸGBẸ́ AKỌ ẸKÙN KANKAN KÒ GBỌDỌ̀ JẸ ẸJA WỌN.
A Ó MỌ ẸNI TÓ JẸ Ẹ́.
(Oṣù Kẹjọ, 1983)

6.

Ohun tó wà nílé Alhaji Sirajudeen, bàbá Suwebat, ọmọ ẹgbẹ́ Akọ Ẹkùn:
tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀, ti ìgbà tówó ń ya bí omi
fọ́tò ìyá Suwebat, wọ́n dojú ẹ̀ kọ ògiri
ibùsùn Ishaq àbúrò rẹ̀, ó ṣófo. Ìyá ti gbé e lọ sí Àjídò.

7.

BÀBÁ: Ta ló gbé ẹja yìí wọlé?
SUWEBAT: Ẹ má bínú, sà. Màmá mi ni.
BÀBÁ: Èyí tó ń jó kiri fún Ẹyẹlé lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀?
ÌYÁ ÀGBÀ: Siraju, ẹja ò dìbò.
BÀBÁ: Bí wọ́n bá gbóòórùn ẹ̀ nílé yìí, wọ́n á dáná sun wá, Màmá. Gbé e sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kì í ṣọmọ mi mọ́.

8.

Ọjọ́bọ̀. Suwebat kò fọwọ́ kàn án.

Jímọ̀. Ilé kan jó ní Gbaji. Èéfín rẹ̀ ń rùn bí ẹja.

9.

Obìnrin Àjídò kì í fi lẹ́tà lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Abẹ́ ẹja ló ń fi í sí, kí ẹni tó ń jẹun lè bá a pàdé. Ìyá ti sọ fún un rí.

Ó gbàgbé. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbàgbé, títí ó fi tú agbọ̀n náà wò.

10.

Olólùfẹ́ mi, Bàbá Suwebat,
Ibà ti dá Ishaq dùbúlẹ̀, kò mọ̀ mí mọ́. Mi ò lè gbé e gba àárín òkúta tí wọ́n ń jù dé ọsibítù Àgbádárìgì. Ẹ wá mú un fúnra yín, kó tó di Jímọ̀. Tìtorí ìfẹ́ tó wà láàárín wa rí.
Láídé.

11.

Òní ni Sátidé.

13.

Àwọn ọkùnrin Akọ Ẹkùn mẹ́fà jókòó ti bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Suwebat wọlé. Wọ́n gbóòórùn ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín dá.

Ó na lẹ́tà náà.

Bàbá wo àwọn ọkùnrin náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo bébà tí òróró ẹja ti rin.

Ó gbà á.