Ẹ̀kọ́ Ìrẹ́pọ̀ Tó Pín Ọmọ Ìyá Níyà

Inú ti ń bí aránṣọ náà kó tó jókòó. Wọ́n pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wọn bí ẹlẹ́sìn kan ṣe ń bá èkejì gbé. Ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kó àwọn onígbàgbọ́ sápá ọ̀tún, ó kó àwọn mùsùlùmí sápá òsì. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́gbọ́n! Bó ṣe ya aránṣọ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nìyẹn, ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, tí ọ̀kan ń gé aṣọ, tí èkejì ń rán an. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń jókòó ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò ló ń dá oníbàárà lóhùn. Ta ló fẹ́ kọ́ irú wọn ní ìrẹ́pọ̀? Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé àbúrò ti ń wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Olùkọ́ ní kí kálukú sọ ohun tí ẹlẹ́sìn kejì ń ṣe tó ń bí i nínú. Àbúrò wá dìde, ó ní ẹnì kan máa ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lé òun lórí bí òun bá ń kírun. Kò dárúkọ, àmọ́ gbogbo ojú ló yí sápá ọ̀tún.

Aránṣọ gbaná jẹ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, àbúrò sì sáré bá a lójú ọ̀nà.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ni aránṣọ fi pàdé rẹ̀. “O kò lè wojú mi sọ ọ́, àfi kí o fẹjọ́ mi sun àwọn àlejò?”

“Mo sọ ọ́ rí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ta ló tọ́ mi dàgbà tí mo fi ń pa yín lẹ́nu mọ́. Bí ẹ bá tún kọ ọ́ lọ́la, mo máa kó ẹ̀rọ mi lọ.”

Aránṣọ rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ẹ̀rín ló tiẹ̀ ń rín nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí àbúrò ṣe tẹ́ ẹní, aránṣọ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Inú ṣì ń bí i sí olùkọ́, ó sì ń bí i sí àbúrò. Nígbà tí àbúrò kírun tán, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń ṣàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀mí gígùn ló ń tọrọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó kan ọkọ tirẹ̀, kó tó kan ọmọ. Láti ọjọ́ yìí wá, àdúrà yìí ni aránṣọ ti ń fi orin bò mọ́lẹ̀.