Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Ìbàámú Wà

Lọ́dún tí wọ́n ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gáánà ni fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá Bákàrè yà sọnù, kò sì pẹ́ tí ìyá náà fi kú. Bákàrè àti Àsíátù àbúrò rẹ̀ kò kúrò ní Gáánà, Àsíátù sì kéré nígbà náà. Ó ti wá gbàgbé ojú ìyá wọn, ó sì ń dùn ún wọra. Ló bá bẹ Bákàrè, ayàwòrán ilé ìtẹ̀wé Kojo ní Fante New Town, pé kó ya ìyá wọn fún òun.

Ojú irin ìtẹ̀wé ni Bákàrè máa ń ya àwòrán sí tààrà, lódì ló sì ń yà á, torí ohun tó bá wà lápá òsì irin, apá ọ̀tún ìwé ló ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Alabar ló ti fẹ́ ya ti ìyá rẹ̀, ta ni yóò sì gbé irin relé? Kojo fún un ní ẹyọ kan tó kù nínú bébà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sórí irin. Ó ní bó bá ṣe fẹ́ kó rí lórí ìwé ni kó yà á. Bébà náà fúnra rẹ̀ ni yóò yí i padà.

Bákàrè fi ṣọ́ọ̀kì dúdú ọlọ́ràá yà á tìfẹ́tìfẹ́, títí kan ìbàámú, ìlà kan ṣoṣo tó ti orí imú sọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fomi rin ẹ̀yìn bébà, wọ́n dojú rẹ̀ bo irin, wọ́n tì í gba abẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìbàámú wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì gan-an, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí fún ìyá rẹ̀ láyé.

Bákàrè rí i pé òun ti ṣì í yà. Ohun tó bá tọ́ lójú irin, òdì ni lórí ìwé. Ọwọ́ tí òdì yíyà ti mọ́ lára ti ṣe tinú ẹ̀ lórí bébà, bẹ́ẹ̀ bébà kò sí mọ́.

Kojo ní kó fọkàn balẹ̀, ẹni tí kò rántí ojú ò lè mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ń dun Bákàrè gan-an nìyẹn: irọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n Àsíátù ti jókòó síta, ó ń retí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbàámú sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lórí ìwé.

Bákàrè na ìwé náà sí i, ó ń wá bí yóò ṣe jẹ́wọ́. Àsíátù wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá nìyí paa, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Tí wọ́n bá ń dirun fún mi níwájú dígí, bí mo ṣe máa ń rí wọn lẹ́yìn mi nìyí."

Ó fìka tọ ìbàámú náà láti òkè délẹ̀. Bákàrè rántí pé òdì ni dígí náà ń fojú hàn; ó jókòó tì í, kò jẹ́wọ́ mọ́.