Ketaki Dúró Lórí Òkìtì Kẹfà

Òkìtì ìrẹsì kéékèèké méje ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn kan nílùú Wai. Ọkọ á di ìyàwó lọ́wọ́ mú, ìyàwó á máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún kan òkìtì kọ̀ọ̀kan, àlùfáà á máa ṣàdúrà sí i. Bí kò bá tíì kan ìkeje, kò tíì di aya ẹnikẹ́ni, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Ketaki kan mẹ́fà, ó wá dúró gbagidi.

"Ṣé ẹ̀gún gún un ni?" Sulabha, àbúrò bàbá rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí irun orí mi funfun tán pátápátá ni?"

Àwọn èèyàn rò pé ojú ló ń ti ìyàwó. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń wò. Dinkar, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí àga, láwàní ìgbéyàwó tó tóbi jù ú lọ bò ó dé ìpéǹpéjú. Láti ìgbà tí ìyá Ketaki ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé ilé náà. Ìlú Nagpur tó jìnnà lọ́hùn-ún ni ilé Shripad, ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò rán bàbá létí oògùn rẹ̀? Ta ni yóò bá a jà pé tíì rẹ̀ ti dùn jù?

Dinkar mọ̀. Ó ti láwàní sókè. "Ketaki, nọ́ńbà wa ńkọ́?"

"Tíṣà, iná ń kú lọ o," ni àlùfáà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ni Dinkar dá a lóhùn.

Nọ́ńbà náà ni Dinkar fi ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn ní kékeré, nígbà tó bá ń di irun rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ: 142857. Ìlọ́po méjì rẹ̀, 285714. Ìlọ́po mẹ́ta, 428571. Àwọn òǹkà kan náà ni ṣá, ẹni tó ṣíwájú ló ń yí padà. Títí dé ìlọ́po mẹ́fà, ẹnikẹ́ni ò jáde, àlejò kankan ò sì wọlé.

"Ìlọ́po mẹ́fà?"

"Ẹ̀jọ, àrún, èje, oókan, ẹ̀rin, èjì." Ketaki ló kà á jáde.

"Èmi àtìwọ nìyẹn. A kàn ń yí ara wa po nínú ilé ni. Ó dùn mọ́ mi o, àmọ́ ìṣirò ò parí síbẹ̀. Ìlọ́po méje ńkọ́?"

"Ẹ̀sán ni gbogbo wọn, Bàbá. Ẹyọ kan ò ní ṣẹ́ kù nínú àwa tàtijọ́."

"Kí ló tún ga ju ẹ̀sán lọ níbẹ̀? Ohun tí mo bí ọ fún nìyẹn. Gbé ẹsẹ̀, ọmọ mi."

Ètè Ketaki ń mì bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ, Sulabha tó ń bú u ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù sọ́kọ̀ tán, Dinkar ń dá Shripad lẹ́kọ̀ọ́ nípa táyà, kó má baà wo ojú ọmọ rẹ̀. Ketaki fà á lápá.

"Ẹ ò bi mí ní ìlọ́po mẹ́jọ rí."

"Mẹ́jọ ò dára. Èje á sọnù, ẹ̀fà á yọjú. Kò wuyì ni mi ò ṣe kọ́ ọ."

"Mo ṣe é lórí òkìtì kẹfà yẹn. Òun ló jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sán yín." Ó la àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀, ó fi ìka kọ ọ́ síbẹ̀: 1142856. "Ẹ wo oókan tó jáde síwájú yìí. Ẹ mú un padà, ẹ fi kún àwọn tó kù nílé. Èló ni?"

Dinkar ṣírò rẹ̀. Ó tún un ṣe, torí omi ti bo ojú rẹ̀.

"142857," ló wí jẹ́jẹ́. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé. "Ìgbà wo wá ni oókan náà ń bọ̀?"