Igi Máńgòrò Tó Dẹnu Kọlẹ̀ ní Kọ́nà

Kúnlé, kí a tó gun ọ̀kadà rẹ lọ sóko, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Èmi ni mò ń wa ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò mọ̀ ọ́n wà. Bí mo ṣe ń sún mọ́ kọ́nà tó wà lọ́nà oko, mo rí ewé tútù lójú títì, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń tò ó bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ níwájú. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan. Igi máńgòrò etí títì yẹn ló ń já ewé ara rẹ̀ tò sílẹ̀.

"Baba, ẹ sún sẹ́yìn!" ni mo kígbe, nítorí bíréékì kò mú.

"Kí n sún lọ síbo? Mo ti dẹnu kọlẹ̀. Mẹkáníìkì ni mò ń retí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, igi kì í dẹnu kọlẹ̀."

"Ṣé ìgbà tí o bá forí sọ mí lo máa tó gbà? Ìwọ tó kàwé!"

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ pátákó bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń tẹ bíréékì.

Mi ò sọ pé àlá náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé kọ́nà yẹn, jọ̀ọ́, rọra. Ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì náà má tíì dé.