Àmì Tí Raliat Kò Fi Sí I

"Sàká, gbé ẹrù mi sọ̀ kalẹ̀. Líìdì ní ìlú ọba ni mò ń lọ."

Asiat tẹ́ lẹ́tà sórí káńtà ọ́fíìsì kágò ní Al Muraqqabat ní Dubai. Àpò aṣọ ọmọdé márùn-ún tó rà ní Deira ti wà lórí ìwọ̀n. Sàká, tó ń kọ orúkọ sára wọn, fi máákà sílẹ̀.

"Alhaja, ọ̀la ni ẹrù ń lọ sí Èkó. Kí ló dé?"

"Raliat ọmọ mi ló kọ̀wé. Kàfáyàt tó ń bá mi tajà l'Ékòó ló fi í rán ẹnì kan sí mi láàárọ̀ yìí. Ọdún méjì rèé tí mi ò gbóhùn ẹ̀. Omi ti wọ ilé tó ń gbé ní ìlú òyìnbó. Odò àìre ló pè é."

"Ta ló kà á fún yín?"

"Èmi ni. Àbí o rò pé eré ni mò ń lọ ṣe ní kíláàsì àgbà?" Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ a, b, d. "Ó tún dárúkọ ilé Màlámù kan. Màlámù wo ló fi ọmọ mi sínú omi?"

Sàká fa lẹ́tà náà mọ́ra. Raliat kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀:

*Odo Aire wole loke Malham, enikeni ko ri i mo. O jade nisale abule, o gba Keighley wa si Leeds nibi, ki o to pade odo Ouse lo si okun. Emi naa wole lati odun meji, Mama.*

Ẹ̀rín pa Sàká. "Alhaja, abúlé ni Malham. Ẹ wo A ńlá yìí: orúkọ odò ni, bí Ògùn. Kò wọlé ẹnì kankan, ó wọlẹ̀ ni. Ó gba abẹ́ òkúta, ó tún jáde níwájú. Khalas, ó parí."

Asiat náà rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Àṣé èmi gan-an ni mo da omi sílé ọmọ mi."

Ó gba lẹ́tà náà padà kó lè tún un kà bó ṣe yẹ. Ìka rẹ̀ ń tọ odò náà lọ títí ó fi dé ìlà ìkẹyìn. Ìlà yìí nìkan ló tù ú nínú láàárọ̀. Ó ti rò pé ọmọ òun ṣáà rílé wọ̀. Ìka náà dúró.

"Sàká, èyí ńkọ́?"

Sàká wò ó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ọ̀rọ̀ kan náà ni, Alhaja: wọlẹ̀."

Asiat ká lẹ́tà náà. "Jẹ́ kí ẹrù máa lọ. Kàfáyàt á gbà á l'Ékòó. Níbo ni wọ́n ti ń gba físà ìlú ọba ní Dubai yìí?"

"Màá mú yín lọ. Ṣé kí n bá yín kọ èsì?"

"Rárá. Bíró lo máa fún mi."

Ó kọ ìlà kan, lẹ́yìn náà ló padà síbẹ̀rẹ̀. Ó ń fi àmì sí i lókè, ó ń fi sí i nísàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Raliat má baà ṣì í kà:

*Ọmọ mi, sọ ibi tí o máa gbà jáde fún mi. Mò ń bọ̀.*