Ta Ló Lọ Nǹkan Ṣáájú Óòtì?

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná, ẹ̀yin ará ilé. Ibi tí mo lọ lójú oorun lóru àná jìn, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí. Àlá ni, mo mọ̀ pé àlá ni. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀ kì í ṣe àlá rárá.

Ẹ ṣáà mọ Tẹniọlá, ọmọ mi. Ẹ mọ bí inú ṣe máa ń lọ́ ọ, tó ń rù, tí àwọn kan nínú yín sì ń wò mí bíi pé mi ò fún ọmọ lóúnjẹ. Dókítà ló bá wa rí ìdí rẹ̀. Ó ní ohun kan wà nínú àlìkámà tó máa ń mú kí fùláwà fà téèyàn bá pò ó, gúlútìn ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ba ìfun ọmọ náà jẹ́. Bí búrẹ́dì ṣe lọ nìyẹn, mítípáì lọ, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù náà lọ. Ògì àti mọ́ínmọ́ín sì ti sú u. Dókítà wá ní ká dán irú óòtì kan wò, ọkà òyìnbó tí wọ́n ń sè bí ògì, bàbá rẹ̀ sì rà á wá láti Ìbàdàn. Àárọ̀ òní ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn! Àbúrò bàbá rẹ̀ ní tí mo bá fún un, mo ti pa á. Ìyá onílé ní óòtì kì í pa ẹnikẹ́ni, pé èyí tó wà lọ́jà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín náà là bá rà. Ọmọ náà ń béèrè pé, "Màámi, ṣé n ó jẹ ẹ́ lọ́la?" Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn.

Bí mo ṣe sùn, mo bá ara mi ní ilé ìdáná. Agolo óòtì jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo kí i, ó kí mi. Mo ní, "Agolo, ṣé kí ọmọ mi jẹ ọ́?"

Ó ní, "Ẹ má bi mí o, mi ò lè dá ẹjọ́ ara mi. Ẹ gbé mi lọ sí Ilé-iṣẹ́ Oúnjẹ Àárọ̀."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Mo pọ̀n ọ́n, a jáde. Ilé-iṣẹ́ náà ń léfòó lókè òrùlé wa, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo di okùn mú, mo gùn ún dókè. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n bọ́ bàtà, kí ilé má baà wúwo. Mo bọ́ ọ. Agolo kò ní bàtà, wọ́n ní kó bọ́ ìdérí.

Akọ̀wé àkọ́kọ́ yọjú wo inú agolo, ó ní, "Óòtì kò ní gúlútìn. Kí ọmọ máa jẹ ẹ́ lọ." Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ nígbà tí akọ̀wé kejì ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ ò gbọdọ̀ fún un o! Àìsàn á padà."

Mo ní, "Èwo ni kí n gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ẹ gba méjèèjì," ni wọ́n jọ wí, wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì wọn lọ.

Ara mi gbóná. Ikùn ọmọ mi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ikùn ọmọ tó ti fi ọdún kan jẹ̀rora! Mo ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn kíákíá.

Ọ̀gá náà wọ agbádá, ó lo gíláàsì ojú, ó sì ní irùngbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ gúlútìn, ṣé ó lè jẹ óòtì?" Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wúkọ́. Ó ní, "Ìyá Tẹniọlá, ìbéèrè yín yìí dára púpọ̀. Tí a bá wò ó dáadáa, mẹ̀ẹ́ẹ̀." Ó ti di ewúrẹ́. Agbádá náà ṣì bá a mu.

Ẹ gbọ́ o, pé ó di ewúrẹ́ kò dùn mí. Iṣẹ́ ìjọba le, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ síni níbẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó di ewúrẹ́ láìtíì dá mi lóhùn. Mo fà á ní irùngbọ̀n. "Ẹ máa dá mi lóhùn kí ẹ tó jẹko!" Mo wẹ̀yìn, àwọn akọ̀wé náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ aṣọ fèrèsé.

Agolo fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti lọ̀ mí."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni yàrá náà di ilé ẹ̀rọ, ilé ẹ̀rọ tiwa gan-an, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́rọ ń lọ àlìkámà fún obìnrin kan, ẹ̀rọ funfun láti òkè délẹ̀. Bó ṣe gbọ̀n tọ̀ún sínú abọ́ tán, ó nawọ́ sí óòtì. "Ẹni tó kàn!"

Ta ni nínú yín ló máa gbà kí wọ́n lọ ògì òun lẹ́yìn ata láìfọ ẹ̀rọ? Ọjọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Gbénró, ṣé àdúgbò yìí sinmi? Mo pariwo, "Ẹ fọ ẹ̀rọ yẹn!"

Ẹlẹ́rọ wò mí tìyanu-tìyanu. "Màámi, ata nìkan là ń fọ̀. Àlìkámà kì í ta èèyàn lẹ́nu."

Ẹ wo ìyà! Torí pé kò ta á lẹ́nu, kó máa ba ìfun ọmọ mi jẹ́!

Agolo ní, "Ṣé ẹ rí i? Èmi fúnra mi ò ní in lára. Ṣùgbọ́n èmi àti àlìkámà la jọ ń gbé oko, tá a jọ ń wọ ọkọ̀, tá a jọ ń gba inú ẹ̀rọ. Àgùntàn tó bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́."

"Ẹ má fi ìbátan mi pòwe o!" Ọ̀gá tó di ewúrẹ́ ni, ó ti bọ́ agbádá, ó ki orí bọ ojú fèrèsé, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. "Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ látoko, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ní gúlútìn, òun ni kẹ́ ẹ fún un. Kí dókítà mọ̀ sí i. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ ọ, torí àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí ara wọn kì í gba óòtì, bó ti wù kó mọ́ tó."

"Ṣé ẹ mọ èyí látàárọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jẹ́ ká sọ ọ́ tá a bá ti wọ agbádá."

Mo gbé agolo sókè kí n là á mọ́ ọn lórí, ni mo bá jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ ìró abọ́ ní ilé ìdáná, mo sáré lọ. Tẹniọlá jókòó sórí àpótí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń dúró. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe oore, ó ti jí ṣáájú mi. Ó ti po fùláwà páńkéèkì tirẹ̀ sínú abọ́ kan. Ó ti ṣí agolo óòtì tó rìn dé Ìbàdàn nítorí rẹ̀, ife kan náà tó fi bu fùláwà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó funfun dé etí, ó kù díẹ̀ kó wọ inú agolo.

Mo já ife gbà. "Bàbá Tẹniọlá! Ta ló lo ife yìí ṣáájú óòtì?"

Ó wo ife, ó wo abọ́ fùláwà, ó wo ọmọ. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wúkọ́.

"Màámi," ni Tẹniọlá wí, "ṣé kí n jẹ ẹ́?"

Mo yẹ ara agolo wò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní gúlútìn. Mo ní kó dúró kí n fọ ṣíbí tí n ó fi bù ú. Mo ń fọ ṣíbí náà, ojú mi kò kúrò lára irùngbọ̀n bàbá rẹ̀.