Ohun Tí Gìtá Náà Ń Wí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró, aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni mò ń lọ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ẹ tún wá ní kí n sọ bí ilé wa ṣe di ilé onírọ́ọ̀kì. Ẹ ò tiẹ̀ rò ó pé ó máa ń rẹ èèyàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ariwo nínú wa tẹ́lẹ̀. Àìsàn bàbá mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe. Kí apá ọ̀tún wọn tó kú, kò sí rédíò tàbí gíramafóònù tó yadi tí wọn kì í mú kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti tún gíramafóònù ṣe tán, àwo kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dán an wò, àwo àwọn òyìnbó onígìtá kan láwọn ọdún 1960. Wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e, gìtá á ké lẹ́ẹ̀mẹrin: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ kúrò, ó parí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ò mọ ohun tó kù nínú orin yẹn rí. Ohun tí àwa ń gbọ́ lẹ́nu gìtá náà ni pé, "Ọ̀rẹ́ mi, gbà!" Bó bá ti kan "gbà", àbúrò mi á gbá mi létí, á sì sá lọ sẹ́yìn màmá wa. Iye ìgbà tí bàbá mi bá tún gíramafóònù ṣe ni mò ń jẹ ìyà, nítorí náà ẹ má retí pé kí n fẹ́ràn orin náà.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá mi. Apá ọ̀tún ò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn pátápátá. Màmá wa ló ń sùn tì wọ́n nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kan màmá sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ sáré lọ wẹ̀ nílé, àwọn á tètè dé. Wọ́n wẹ̀ lóòótọ́. Orí àga ni mo ti bá wọn, táwẹ̀lì ṣì wà léjìká wọn, ọkàn wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. A sin màmá. Bàbá ò mọ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí Aláṣẹ nítorí pé wọn kì í bẹ èèyàn, àṣẹ ni wọ́n ń pa, ló pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní dókítà ti sọ pé bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó lè já wọn láyà, pé ẹni tó bá la ẹnu sọ ọ́, òun ló pa wọ́n. Wọ́n ní ká sọ pé màmá lọ bá àbúrò mi obìnrin tó wà lókè òkun tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun wo? Ọmọ tẹ́nì kan ò bí la fi bo òkú mọ́lẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wò mí, mo wò ó, ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè bá àgbà jiyàn.

Èmi ni mi ò sí nílé ọkọ, èmi náà ni wọ́n sì gbé bàbá lé lọ́wọ́ nígbà tí ilé ìwòsàn dá wọn sílẹ̀. Mi ò ráhùn. Àbí mò ń ráhùn, ta ló mọ̀? Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá wẹ̀ fún wọn, màá fún wọn lóúnjẹ, màá yí wọn síhà kejì kí ara wọn má baà bó, màá sì fi ẹ̀rín sójú parọ́ ọmọ tuntun fún wọn. Mo ní ó ti ń jókòó. Mo ní ó ti yọ eyín. Mo ti tọ́ ọmọ yẹn débi pé ó kù díẹ̀ kí n fi í sílé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin màmá mi, omi ò jáde lójú mi. Níbo ni màá ti sunkún? Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ń wò mí. Nílé, bàbá ń wò mí.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bá wọn na apá, na ẹsẹ̀ ló ní ká máa fi orin sí wọn létí, pé orin lè jí ọ̀rọ̀. A fi orin ìsìn sí i, wọn ò ṣe bí ẹni gbọ́. A fi orin àwọn àgbà sí i, wọ́n sùn lọ. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí àbúrò mi yà sílé láti ibi iṣẹ́. Akunlé ni àbúrò mi, ọ̀dà kì í tán ní èékánná rẹ̀. Bó ṣe jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, bàbá kùn láti ọ̀nà ọ̀fun: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Àbúrò mi fò dìde. Ó ní orin gíramafóònù ni, pé "Ọ̀rẹ́ mi, gbà" ni bàbá ń kọ. Ó wá a lórí fóònù títí ó fi rí i.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa gbọ́ orin náà dé òpin nìyẹn. Lẹ́yìn gìtá tí a ti mọ̀, ìlù já wọlé, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Láti kékeré ni mo ti rò pé ìjà ni gìtá yẹn ń bá èèyàn jà, àṣé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Àbúrò mi la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ó ní kí ló dé tí bàbá fi ń gbé abẹ́rẹ́ kúrò láti ọjọ́ yìí, ṣé wọ́n ń fi orin ṣahun sí wa ni?

Bí rọ́ọ̀kì ṣe wọlé wa nìyẹn o. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń gbé tuntun dé, bẹ́ẹ̀ tuntun ọ̀hún ti dàgbà ju òun lọ. Ó gbé èyí tí dùùrù ń dún nínú rẹ̀ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó gbé ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n pa ohùn pọ̀ bí ọmọ ìyá wá. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń wí, nítorí òyìnbó tèmi ò kọjá ohun tí wọ́n kọ sára páálí ọṣẹ. Ó ní obìnrin ni wọ́n ń wí. Mo bi í nípa èkejì, obìnrin náà ni. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ni? Orin kan wà tí gìtá nìkan ń sunkún nínú rẹ̀, omi tí mo gbé kaná hó, mo gbé e sọ̀, mo wẹ bàbá tán, gìtá ò tíì dákẹ́. Àǹtí Aláṣẹ ní ó dájú pé wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún onítọ̀hún. Wọ́n ní orin náà dà bí ẹni ń wọ́ páànù lórí sìmẹ́ńtì, pé ẹni tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀, kí ló tún ń pariwo fún? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń mi èjìká sí i nídìí àwo tí wọ́n ń fọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí wọn. Ti àbúrò mi ló burú jù: ó fi orin sétí lórí àkàbà, ó ń mi orí, ó fi ọ̀dà kun gíláàsì fèrèsé onílé.

Bàbá ńkọ́? Bí orin bá ti parí, wọ́n á tún kùn ún: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. A ó tún fi í síbẹ̀. Wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, àbúrò mi á ní ẹ wo bàbá, wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀. Omi á bọ́ lójú wọn, Àǹtí Aláṣẹ á ní ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ń rántí. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó ní ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Àbúrò mi àti Àǹtí ń pe àwọn ará ilé kejì wá wòran. Èmi ń wo ojú bàbá mi, ojú yẹn ò jọ ojú ẹni tó ń gbádùn. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè ro nǹkan kan dópin.

Níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í dé etí èèyàn. Ohùn lásán ló ń dé. Bí ẹnì kan bá kígbe láti òdìkejì, bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè tó wá sílẹ̀ la fi ń mọ ohun tó wí. "Ọṣẹ tán" ní tiẹ̀, "omi gbóná jù" ní tiẹ̀, "ọ̀gá ń bọ̀" sì wà tí adití pàápàá máa ń gbọ́. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin bíi tèmi, ló ń lọ aṣọ ní tábìlì tó tẹ̀ lé tèmi. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá ti wọ yàrá ọṣẹ lọ. Bàbá tó ń mójú tó ẹ̀rọ yọrí, ó kígbe sí ọmọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó dé etí mi ni ìsàlẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo ní bàbá yìí náà ti di onírọ́ọ̀kì. Àfi bí ọmọ ṣe nawọ́ sí yàrá ọṣẹ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà.

"Ìyá ẹ dà?" ni ó bi í.

Áyọ́ọ̀nù ò kúrò lórí aṣọ ìrọ̀rí títí èéfín fi jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù, mo já sí títì. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi ń kùn ún, wọn ò kọrin. Ìyàwó wọn ni wọ́n ń béèrè, àwa sì ń fi gìtá dá wọn lóhùn.

Mo bá àbúrò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá kùn ún, ó ti ń tẹ fóònù. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á. Mo jókòó, mo mú ọwọ́ òsì bàbá mi, nítorí ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn: bí wọ́n bá tẹ ọwọ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ ni, bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo bi wọ́n bóyá orin ni wọ́n ń fẹ́. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ ẹ rí. Wọn ò tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ṣé ìyá mi lẹ̀ ń bi mí pé ó dà?"

Wọ́n tẹ ọwọ́ mi débi pé egungun rẹ̀ ta mí.

Àbúrò mi ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó ń mi orí sí mi, ó ń fi ojú bẹ̀ mí, ó ní ṣé mo ti gbàgbé ohun tí Àǹtí wí ni, ṣé mo fẹ́ ká sin méjì. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí wọ́n bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, kò sí ẹni tí màá ro ẹjọ́ ìyẹn fún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò tú mi sílẹ̀, mi ò sì ní irọ́ kankan mọ́ nínú.

"Màmá ò sí lókè òkun, Bàbá," ni mo wí. "Wọ́n ti kú. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ń lọ wẹ̀ yẹn ni. A ti sin wọ́n."

Àbúrò mi fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo àyà bàbá. Èmi náà ń wò ó. Ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Bàbá mi sunkún, wọ́n fi ìdajì ẹnu tí Ọlọ́run ṣẹ́ kù fún wọn sunkún ìyàwó wọn, mo ń nu ojú wọn, mo ń nu itọ́ ẹnu wọn. Ó pẹ́. Wọn ò kú.

Nígbà tó ṣe, wọ́n tún kùn ún. Kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Èyí bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó bọ́ sí àárín, ó wá lọ sókè, ó dúró sí òkè. Àbúrò mi, orí rẹ̀ ò pé, ó ní bóyá orin mìíràn ni, ó ń wá fóònù. Mo ní kó dákẹ́. Mo bi bàbá bóyá omi ni, wọn ò tẹ ọwọ́ mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí n yí wọn, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn tẹjú mọ́ mi, ní ojú mi gan-an, wọ́n tún un kùn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ohùn náà ń wí.

Gbogbo ẹni tó ti kí mi láti ìgbà tí àìsàn bàbá ti dé, lójú títì, níbi iṣẹ́, lẹ́nu ọ̀nà, bàbá ńkọ́ ni wọ́n ń bi mí. Mo fẹ́ ní kò sí nǹkan kan.

Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún màmá mi.